Ọgbà Tí Bàbá Mi Fi Bo Ilé Ìwé Wa

Bàbá mi kì í jẹ ẹyin láìkọ́kọ́ gbé e sínú omi wò, kì í ra iṣu láìfi èékánná ha á lẹ́yìn, bí ẹnikẹ́ni bá sì kí i ní àkíjù, á yíjú padà wò ó bóyá onítọ̀hún ń fi òun rẹ́rìn-ín. Ẹ má bá a wí. Iṣẹ́ àyẹ̀wò kòkó ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe fún ìjọba, iṣẹ́ náà sì ni pé kí èèyàn má gba ohun tí wọ́n bá wí fún un gbọ́. Àgbẹ̀ á gbé àpò kòkó wá láti ọ̀nà Òkè-Ìlá, á ní ó gbẹ, á ní ó mọ́. Bàbá mi á ki ọwọ́ bọ inú àpò náà títí dé ìsàlẹ̀, á bu wóro jáde, á sì fi ọ̀bẹ kékeré kan là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè rí i bóyá wọ́n ti bu nínú. Nígbà tí ìjọba ní kí ó máa lọ sílé, ó dá gbogbo ohun tó jẹ́ tìjọba padà, àfi ọ̀bẹ yẹn. Láti ìgbà náà, àwa ará ilé ló kù tó ń là wò.

Ilé ńlá ni ilé wa ní Ìlá, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là á já. Ohùn tó máa ń jí mi láàárọ̀ ni ti obì. Ìyá mi ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé, ó ń tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sókè Ọya. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, òun àti ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, á ti jókòó ti agbada omi, wọ́n á máa bó èèpo funfun ara obì, wọ́n á máa jù ú sínú agbọ̀n, pó, pó, pó. Èyí tí kòkòrò bá ti lu, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dà á sí. “Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé,” ni ìyá àgbà máa ń wí, bàbá mi á sì dáhùn láti inú yàrá pé, “Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Ìdí tí mo fi ń la nǹkan wò nìyẹn.” Ìgbómìnà ponbele ni ìyá àgbà ń sọ ní tiwọn, débi pé àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń ti Ìbàdàn wá fún ọdún máa ń na etí kí wọ́n tó gbọ́. Bí gbogbo èèyàn á ṣe lóye rẹ̀ ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá wà láyé, wọ́n á ní mo ti bomi là á.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ìwé kẹfà ló kàn mí láti kà, ìwé tí èèyàn ń kà kó tó ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama. Ìjì ti ṣí páànù orí ilé ìwé wa ní ìgbà òjò, kò sì sí ẹni tó dá a padà. Wọ́n kó ìwé kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà sínú yàrá kan ṣoṣo, kíláàsì mẹ́ta kọ ẹ̀yìn síra wọn, tíṣà mẹ́ta ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tíṣà fúnra wọn, bí wọ́n bá kọ́ wa fún oṣù kan, wọ́n á dáṣẹ́ sílẹ̀ fún méjì, nítorí owó oṣù tí wọn kò rí gbà. Èmi ò ka gbogbo èyí sí nǹkan kan. Mo fẹ́ràn ariwo náà. Àmọ́ ní ọjọ́ kan, bàbá mi gba ìwé ìṣirò mi, ó rí i pé mo gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Inú baba mìíràn á dùn. Tèmi fa àga, ó kọ ìṣirò yẹn gan-an sórí bébà, ó ní, “Títí, ṣe é kí n rí i.” Mi ò lè ṣe é. Ó tún fún mi ní òmíràn, mi ò lè ṣe ìyẹn náà. Ó wo ojú mi pẹ́. “Kí lo ṣe tí wọ́n fi fún ọ ní mẹ́wàá?” Ẹ̀rù bà mí, mo sọ òtítọ́: igi ìdáná ni mo rù lọ fún Àǹtí Wúrà, tíṣà wa. Ẹni tó bá ru igi ń gba mẹ́wàá, ẹni tó bá pọn omi ń gba mẹ́jọ. Bàbá mi pa ìwé náà dé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ó ti bu nínú,” ló wí, n kò sì tún wọ aṣọ ilé ìwé mọ́ láti ọjọ́ kejì.

Òun nìkan kọ́ ló ń fura. Nọ́ọ̀sì kan wà ládùúgbò wa, ìyá Káyọ̀dé, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, ojúlé kejì sí wa ló ń gbé. Bàbá Ràṣídì, káfíńtà, wà ní iwájú wa. Ní gbogbo ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí Bàbá Ràṣídì bá ti kírun alásàárì tán, àwọn méjèèjì á wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí ro ẹjọ́ ilé ìwé bí ẹni ń ro ẹjọ́ ọ̀daràn. Omi ni Nọ́ọ̀sì ń sọ. “Ṣé ẹ ti wo inú kòtò tí wọ́n ti ń pọn omi tí àwọn ọmọ ń mu? Mo wò ó o. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ń wo èmi náà.” Igi ni ti Bàbá Ràṣídì. “Èmi ni mo kan bẹ́ǹṣì ogún fún wọn lọ́dún tó lọ, ọmọ mi sì ń jókòó sílẹ̀. Bẹ́ǹṣì mi dà? Ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn kan.” Bàbá mi á wá fi ọ̀rọ̀ máàkì mi parí rẹ̀, gbogbo wọn á sì mi orí. Ìyá àgbà tó ń bó obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo èyí, ṣé ẹ ti lọ bá wọn sọ ọ́ níbẹ̀?” Bàbá mi ní, “Ìyá, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A máa kọ́ wọn nílé.”

Bí ilé ìwé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọmọ mẹ́ta péré: èmi, Ràṣídì tó wà ní ìwé karùn-ún, àti Káyọ̀dé tó wà ní ìkẹrin. Bàbá Ràṣídì fá pákó kan, àwa ọmọ sì fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, a lọ dúdú inú rẹ̀ mọ́ ewé ẹ̀gẹ́, a fi kun pákó náà títí ó fi dú. Ọwọ́ wa dú fún ọ̀sẹ̀ kan, Nọ́ọ̀sì ò sì jẹ́ ká fi jẹun àfi tó bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Bàbá mi ń kọ́ wa ní ìṣirò, Nọ́ọ̀sì ń kọ́ wa ní gẹ̀ẹ́sì àti ìmọ́tótó bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, Bàbá Ràṣídì ń fi okùn ìwọ̀n kọ́ wa bí a ṣe ń mọ fífẹ̀ nǹkan. Ìyá mi, tí kò kàwé, ló wá kọ́ wa ní ohun tó yé mi jù: ó da obì sílẹ̀, ó ní ká pín in sí ogún-ogún, kí a sọ iye ogún tó wà nínú igba, kí a tún sọ iye tó máa kù bí kòkòrò bá jẹ ìdajì. Tí a bá ṣe é tán, iṣu sísun àti epo ń dúró dè wá nínú ààrò. Mo gbọ́ ìṣirò lọ́dún yẹn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mo tún gbọ́ ìfura pẹ̀lú. Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pín ìwé kíkà lò, kò sì sí ìwé tó jáde nílé wa tí bàbá mi kò ní kọ́kọ́ ka iye ojú ewé rẹ̀ níwájú ẹni tó wá yá a, bí ó bá sì padà dé, á tún un kà. Nọ́ọ̀sì bínú lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bàbá Títí, ṣé mo máa jẹ ìwé ni?” Bàbá mi ní, “Ẹ máà bínú, Nọ́ọ̀sì. Ìfura loògùn àgbà.” Nígbà tó kan Nọ́ọ̀sì náà láti yá wa níwèé, ó ka tirẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò náà wá ń fura sí wa. Ọmọ tó wà nílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin nílé ìwé, àgbàlagbà mẹ́ta tí ń pàdé ní gbogbo ọjọ́bọ̀, Kìrìsìtẹ́nì méjì àti Mùsùlùmí kan, tí wọ́n ń kó nǹkan tí wọ́n fi bébà kàlẹ́ńdà dì wọlé lábẹ́ aṣọ. Kí ni kí wọ́n pè é? Wọ́n ní ẹgbẹ́ awo ni. Obìnrin kan tó máa ń fún mi ní èkuru tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí, ó ń bi mí pé ṣé mo ń sùn dáadáa. Bàbá mi kò bá wọn ṣàlàyé. Mo rò pé ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn díẹ̀ pé àwọn ẹlòmíràn náà ti ń la nǹkan wò.

Ẹni tó ká a lára ni Àǹtí Wúrà. Ará Ìgbájọ ni, ó wá ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ìlá, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rẹ̀ máa ń ṣe pà, pà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo kúrò nílé ìwé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí gba iwájú ilé wa kọjá ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Á rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á kí ìyá àgbà, ojú rẹ̀ á wá mi kàn, á sì máa lọ. Lójoojúmọ́. Bàbá mi ní, “Ó ń ṣọ́ wa.” Wàhálà tó wá wà níbẹ̀ ni pé ọmọ kì í rí àgbà kó má kí i, àgàgà tíṣà, kò sì sí bí bàbá mi ṣe lè ní kí n má kúnlẹ̀. Ó rò ó títí, ó wá pàṣẹ pé, “Kúnlẹ̀ kí i. Bó bá bi ọ́ ní nǹkan kan, ikọ́ ni kí o hú.” Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dúró, ó ní, “Títí, kí lẹ kọ́ lónìí?” Mo hú ikọ́. Ó ní, “Pẹ̀lẹ́. Ẹ fún un ní oyin lálẹ́, Mama.” Ìyá àgbà yọwọ́ nínú omi obì, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, wọ́n sọ fún bàbá mi pé, “Àjàní, abèèrè kì í ṣìnà. Bi ọmọbìnrin yìí ní ohun tó ń wá.” Bàbá mi ní ẹni tó bá wá ṣọ́ èèyàn kò ní jẹ́wọ́.

Ọyẹ́ ti mú nígbà tí bàbá mi rí ẹ̀rí tó ń wá. Igi ìyeyè kan wà ní bíi ilé mẹ́ta sí tiwa. Bàbá mi fi ojú tẹ̀ lé Àǹtí Wúrà láti ẹ̀yìn fèrèsé, ó rí i tó dúró lábẹ́ igi yẹn, tó yọ ìwé gbọọrọ kan nínú báàgì, tó bojú wẹ̀yìn, tó kọ nǹkan sí i, tó sì dá a padà. Ó dúró fún ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ohun kan náà ló rí. Ní ọjọ́bọ̀, ó sọ ọ́ bí ẹni tó mú olè. “Ó ń kọ wá sílẹ̀! Ó fẹ́ fi orúkọ wa ránṣẹ́ sí ìjọba!” Nọ́ọ̀sì gbá àyà mú, nítorí iṣẹ́ ìjọba lòun náà ń ṣe. Bàbá Ràṣídì dìde, ó lọ mú àdá. Kí òòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, wọ́n ti ri òpó igi mẹ́wàá síwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n ti hun imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ọn, ó ga ju orí bàbá mi lọ. A ò rí ìta mọ́, ìta ò sì rí wa. Lẹ́yìn ọgbà yẹn, mo máa ń gbọ́ bàtà náà, pà, pà, á dẹwọ́, á dúró. Ìgbà míràn, ó máa ń pẹ́ kó tó tún gbéra. Mo máa ń di èémí mú. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀tá ni, nítorí bàbá mi ló wí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó wù mí kí n yọjú kí n kí i.

Nọ́ọ̀sì ló gbọ́ nílé ìwòsàn pé fọ́ọ̀mù ìdánwò girama ti jáde. Bàbá mi ti rò pé òun á kàn lọ gbà á ni, bí èèyàn ṣe ń gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì. Rárá o. Ọ̀gá ilé ìwé nìkan ló lè bu ọwọ́ lù ú, kò sì ní bu ọwọ́ lù ú fún ọmọ tí ìwé orúkọ kò fi hàn pé ó wá sílé ìwé tó. Mi ò rí bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Iyán tútù mọ́ ọn níwájú. Ọdún mi ló lọ yẹn: àwọn ẹgbẹ́ mi á wọ girama, èmi á tún ìwé kẹfà kà, bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà mí. Ìyá mi, tí kì í bá a jiyàn, ní, “Ẹ̀yin lẹ mú un kúrò. Ẹ̀yin ni kí ẹ mú un padà.” Ní òwúrọ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Mo rí i pé ó fi ọ̀bẹ náà sápò.

Ọ̀gá ilé ìwé kò bá wa jà. Ó ní kí wọ́n pe tíṣà mi, kó mú ìwé orúkọ wá. Bí Àǹtí Wúrà ṣe gbé e jáde ni bàbá mi fún ọwọ́ mi pinpin. Ìwé gbọọrọ abẹ́ igi ìyeyè ni. Ọ̀gá ṣí i, ó fi ìka tọ orúkọ mi lọ. Ilà búlúù ni ti ọmọ tó wá láàárọ̀, ilà pupa ni ti ọ̀sán, òdo ni ti ẹni tí kò wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, láti bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo kúrò nílé ìwé, ilà ni, ilà ni, ilà ni. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sún mọ́ ìwé náà, ó wò ó bí ó ṣe máa ń wo inú kòkó. Lẹ́yìn náà ni òdo bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tò lọ láìdáwọ́ dúró.

Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Mísìs, ọmọ tí kò wá, ẹ ń máàkì rẹ̀?”

“Mo rí i, sà,” ni Àǹtí Wúrà dáhùn. “Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ wò ó. Ọjọ́ tí mo bá fojú rí i nídìí ìwé, mo máa ń máàkì ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí orúkọ ẹ̀ kú. Ìgbà tí wọ́n ṣe ọgbà, mi ò rí i mọ́, mi ò sì lè kọ ohun tí mi ò rí.” Ó wá kọjú sí bàbá mi. “Ti igi yẹn, Bàbá Títí, mo jẹ̀bi. Oṣù márùn-ún ni wọn ò sanwó fún wa, mi ò ní nǹkan tí mo máa fi dáná. Àmọ́ máàkì yẹn ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ọ̀gá ilé ìwé ka ilà, ó ka òdo, ó sì tún un kà. Ó ní bí mo bá ń wá fúnra mi láti ọjọ́ kejì, tí n kò sì pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ títí wọ́n á fi kó fọ́ọ̀mù lọ, á tó. Iye ọjọ́ tí wọ́n ń béèrè gan-an ni, kò ní fi ọ̀kan lé.

Ẹ̀yin lè rò pé bàbá mi yí padà lójú ọ̀nà. Rárá. Bí a ṣe ń lọ sílé ló ń kùn pé, “Ó mọ ìdí tó fi ṣe é. Bí ọmọ kíláàsì bá dín, wọ́n á gbé e lọ síbòmíràn. Òun náà ń ṣe ti ara rẹ̀.” Kò tú ọgbà náà. Mo padà sílé ìwé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ariwo, kò sì sí ọjọ́ tí mo pa jẹ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán, bí mo bá dé, mo máa ń bá bàbá mi lórí àga lẹ́yìn ọgbà, ó ti fi ọ̀bẹ gé ihò kékeré kan sára imọ̀, ó ń wo títì. Ó ń dúró de Àǹtí Wúrà. Mo rò pé ó fẹ́ wò ó bóyá á ṣì máa wo inú ilé wa nísinsìnyí tí kò sí ohun tó máa rí gbà níbẹ̀. Ọjọ́ kan lọ, ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Bàtà náà kò kọjá.

“Ó ń sá fún mi ni,” ni bàbá mi wí lọ́jọ́ tí sùúrù rẹ̀ tán. “Ó ti ń gba ọ̀nà mìíràn relé.”

Ìyá àgbà ò gbójú sókè nínú agbada obì. “Ọ̀nà wo? Ọ̀nà Ọ̀yán ni ilé rẹ̀ wà, ní ìparí ìlú lọ́hùn-ún. Kò sí ohun tó ń mú un gba ibí relé.”

Bàbá mi yíjú padà. “Ìyá, ta ló sọ fún yín?”

“Mo bi í ni,” ni ìyá àgbà wí, wọ́n sì ju obì sínú agbọ̀n.

Ojú ti bàbá mi, mo rí i kedere, mo sì káàánú rẹ̀ gan-an. Òun tó ń la gbogbo nǹkan wò, kò béèrè ibi tí obìnrin kan ń gbé. Ó dìde, ó fa imọ̀ àkọ́kọ́ ya. Kò pe ẹnikẹ́ni, Bàbá Ràṣídì fúnra rẹ̀ ló rí i tó sáré wá bá a. Wọ́n hú òpó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, bàbá mi là wọ́n sí wẹ́wẹ́, ó fi okùn imọ̀ dì wọ́n, ó ká òṣùká fún mi, ó sì gbé ẹrù náà lé mi lórí.

“Gbé e lọ fún tíṣà rẹ,” ló wí. “Kí o kúnlẹ̀. Bó bá bi ọ́ ní nǹkan, dá a lóhùn. Kí o sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ fún ọ ní máàkì kankan lórí rẹ̀.”

Mo kọjá igi ìyeyè, mo kọjá ilé ìwé, mo kọjá ibi tí mo mọ̀ ní ìlú tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ẹrù náà kalẹ̀ tí mo sinmi kí n tó dé ilé Àǹtí Wúrà.